Òrùka sáfáyà tí a lù ní gbàǹjo: ẹ wá gbọ́ tèmi, kí ẹ sì sọ tiyín

Ẹ kú ilé o. Mo ní n ó sọ ọ̀rọ̀ òrùka yìí bí inú mi bá rọ̀. Ó ti rọ̀ díẹ̀.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ṣe nọ́ọ̀sì ní London láyé ọjọ́un kó tó padà wá kọ́lé sí Bódìjà. Nígbà tó papòdà, a bá òrùka wúrà kan nínú àpótí rẹ̀. Òkúta orí rẹ̀, sáfáyà tí Bíbélì ń pè ní sáfírè, dúdú bí ẹtù tó mu aró dáadáa, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ta sí i, á tàn yanran. Ìyá náà kò bímọ, ẹbí ló ni ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló da ilé rú. Ó kà á níbì kan pé wọ́n lu sáfáyà kan ní gbàǹjo ní Geneva lọ́dún 2014, èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Belle of Asia, ó lé ní mílíọ̀nù 17 dọ́là. Kò ka ibi tí wọ́n ti sọ pé òkúta náà lé ní 392 káráàtì, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn òkúta iyebíye. Tiwa kò pé mẹ́ta! Búọ̀dá ti ń ya àwòrán ilé alájà mẹ́ta.

Èmi tí mò ń lọ kí ọmọ mi ní London ni wọ́n gbé e fún kí n bá wọn lù ú ní gbàǹjo. Ìbéèrè tí gbogbo àwọn ilé gbàǹjo ń bi mí níbẹ̀ ni pé ṣé wọ́n ti fi iná yan án. Mo ní ṣé àgbàdo ni? Àṣé òdodo ni. Ọ̀pọ̀ sáfáyà ni wọ́n ń kì bọ iná tó gbóná ju 1,000 digirí lọ kí àwọ̀ rẹ̀ lè dára sí i. Èyí tí iná kò kàn rárá, pàápàá ti Kashmir lápá òkè Íńdíà, tí wọ́n wà tán nílẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1881, owó rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Ìwé láàbù tó yẹ òkúta tiwa wò dé: Sri Lanka ni wọ́n ti wà á, iná sì ti kàn án.

Lọ́jọ́ gbàǹjo, gbogbo ilé ń wò ó lórí fóònù ní Bódìjà, NEPA sì ṣàánú wọn. 4,200 pọ́n-ùn ni òòlù tí wọ́n fi ń parí ọjà bà lé. Lọ́jọ́ kejì, búọ̀dá lọ wo ìkànnì ilé gbàǹjo, ó bá 5,250 níbẹ̀. Owó tó wọ àkáǹtì mi sì jẹ́ 3,300.

Ẹ ò rí ìpàdé ẹbí! "Owó tó kù dà?"

Mo là á fún wọn. 5,250 ni ẹni tó rà á san. Ilé gbàǹjo máa ń bu tirẹ̀ lé iye òòlù, ìdá 25 nínú 100 ni tiwọn, kò kan ẹni tó lọjà. Wọ́n tún wá yọ ìdá 15 lára 4,200 tiwa, owó orí lórí ìyẹn, owó àwòrán, inṣọ́ránsì, owó láàbù. Ìyá àgbà kan dákẹ́ títí, ó ní, "Alárenà tó ń gbowó lọ́wọ́ ìyàwó, tó tún ń gbà lọ́wọ́ ọkọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

Ọmọ Òjòó: Ẹ̀yin tiẹ̀ rówó gbà, màmá. Ọjà òkúta l'Òjòó ni mo ti ń kọ́ṣẹ́, a máa ń rí sáfáyà Mambilla láti Tàràbà níbẹ̀, nítorí náà ojú ọ̀gá mi là sí i. Obìnrin kan gbé ẹ̀gbà ọrùn sáfáyà wá tó rà ní gbàǹjo ẹrù òyìnbó kan ní Jẹ́ríkọ̀. Ọ̀gá fi awò wò ó, ó rí ìlà tó tẹ̀ bí etí abọ́ nínú òkúta rẹ̀. Ti inú ilẹ̀, ìlà rẹ̀ máa ń tọ́ ni, á sì nígun. Ilé iṣẹ́ ló ṣe èyí, wọ́n sì ti ń ṣe é láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó le bíi ti gidi gan-an, méjèèjì ló ń ha gíláàsì, kò sí bí a ṣe lè fi gíláàsì dán an wò. Obìnrin náà ti ha fèrèsé ilé rẹ̀ tán kó tó wá.

Ìyàwó Mọ́kọ́lá: Ah! Fèrèsé wo ló ṣẹ̀ ẹ́? Màmá, ṣé ẹbí ti wá gbà yín gbọ́?

Èmi náà: Àwọn yòókù gbà. Búọ̀dá ṣì ń pè mí ní Ìyá Òòlù.