Ẹ̀rín ni wọ́n fi lé e padà: ìrírí mi nídìí fíìmù nípa ìyàsọ́tọ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ń ka ìrírí àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú níbí nípa fíìmù tí wọ́n yà lórí ìyàsọ́tọ̀, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀tanú ya èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́; ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ń bá ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ ni mo lọ, owó Erasmus+, ètò ẹ̀kọ́ àti ọ̀dọ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n pín wa sí ọ̀wọ́ kéékèèké, ọmọ orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọ̀wọ́ kan, wọ́n ní ká ya fíìmù kékeré lórí ìyàsọ́tọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa.

Ìtàn ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan nínú ọ̀wọ́ wa la mú. Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́; bó ṣe wọlé tí wọ́n rí ìborí rẹ̀, wọ́n ní àwọn ti rí ẹni gbà. Lójú ẹsẹ̀ làwọn kan ti ní kó jókòó síwájú kámẹ́rà kó máa sunkún, ká wá fi orin arò sí i. Ó ní, "Mi ò sunkún lọ́jọ́ yẹn. Inú ló bí mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí gbogbo fíìmù náà padà.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́. Ọmọkùnrin kan tí irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí ló ṣe ẹni tó ń wáṣẹ́. Wọ́n ti kọ́ wa pé tí kámẹ́rà bá wà lókè tó ń wo èèyàn nísàlẹ̀, onítọ̀hún á kéré lójú. Tó bá wà nísàlẹ̀ tó ń wò ó lókè, á dà bí òmìrán. A fẹ́ sọ ọ̀gá di òmìrán, ọmọbìnrin náà kọ̀. Ó ní ẹni tó lé òun padà kò kanra rárá, ẹ̀rín ló ń rín, ó tiẹ̀ fi omi lọ òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe é: ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó da ojú ìwé ìwáṣẹ́ ọmọkùnrin náà bolẹ̀, ó gbé ife omi lé e lórí. Ọmọkùnrin náà ti ń ṣàwàdà ṣáájú. Bí ife yẹn ṣe bà lé ìwé rẹ̀, àwàdà tán. Ó ní òun fẹ́ jiyàn, àmọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín síni, kí lèèyàn fẹ́ bá a jà lé lórí? Mi ò tíì rí ìwàásù tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Nígbà tó tó àkókò láti gé fíìmù náà, ọmọbìnrin náà ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó ń sọ èyí tó máa dúró àti èyí tó máa kúrò. Olùkọ́ wa sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é ní erékùṣù Fogo ní Kánádà lọ́dún 1967: àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù tí wọ́n yà nípa wọn hàn, ẹni tí tirẹ̀ kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọmọbìnrin náà ní kí tòun má dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí òun ṣì ń wáṣẹ́. A gbà.

Èsì: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Níbi tèmi, adití kan wà láàárín wa. Alẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi gbogbo fíìmù hàn, kò sí ọ̀rọ̀ kíkọ lábẹ́ ẹyọ kan, ògbufọ̀ rẹ̀ sì ti lọ sinmi. Fíìmù nípa ìyàsọ́tọ̀ ni o! Ó dìde, ó tanná, ó kọ ọ́ sára pátákó pé òun náà fẹ́ wò ó. Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ dúró títí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lọ́jọ́ kejì. Òun ló wá béèrè ìbéèrè jù, torí ó ń rí ohun tó ń lọ ní igun àwòrán tí àwa yòókù ò wò.