Ilé àwòṣífìlà àti ère ìgboro: báwo ni à á ti wò wọ́n tí wọn yóò fi yé ni?

Ìyá Àgbà, Ọyẹ́-Èkìtì

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ẹ̀yin ènìyàn mi. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ni mí. Ní ọdún tó kọjá, mo lọ bá ọmọ mi obìnrin wẹ ọmọ ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, mo sì lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ara ìyá ìkókó ti le, ọkọ rẹ̀ mú mi jáde ní ọjọ́ Sátidé kan láti fi ìgboro hàn mí. A wo àwọn ilé àwòṣífìlà (èmi kò dé fìlà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí gèlè mi bọ́), a wo ère irin ràgàjì kan tí kò jọ ènìyàn tí kò sì jọ ẹranko, a wá dé ọgbà kan tí wọ́n gbé ohun kan kalẹ̀ sí, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ẹ̀wà. Ó ń dán bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eérú fọ̀. Mo rí ara mi nínú rẹ̀, mo kúrú, mo sì fẹ̀ bí apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a gun afárá funfun gbọọrọ kan tí ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti inú ọgbà náà, a dúró ní ìparí rẹ̀, a ya fọ́tò, a sì yí padà nítorí pé wọ́n ti pè wá láti ilé pé ọmọ ń ké.

Ọkọ ọmọ mi ń yọ̀ ṣìnṣìn sí gbogbo ohun tí a rí. Èmi náà ń sọ pé ó dára, ó dára, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, n kò mọ ohun tí mo ń wò. Bí a bá tẹ́ aṣọ òkè síwájú mi, mo mọ ibi tí ojú mi ń lọ: n óò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, n óò wo bí wọ́n ṣe rán ojú kan mọ́ èkejì, n óò sì mọ̀ bóyá ẹni tí ó hun ún mọṣẹ́. Níwájú gíláàsì àti irin, ibo ni kí ojú lọ? Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì wà nítòsí wa níhìn-ín tí ènìyàn lè fi kọ́ ojú rẹ̀?

Ayàwòrán Ilé, Adó-Èkìtì

Ẹ kú ìrìn, Mà, ẹ sì kú ọwọ́ lómi. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mo ń ṣe ní Adó, inú mi sì dùn pé ẹ dárúkọ aṣọ òkè, nítorí pé ojú tí ẹ fi ń wá ìránpọ̀ aṣọ náà ni kí ẹ gbé lọ síwájú ilé. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi ni pé, ta ni ó ru ẹrù ilé yìí? Nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n bí àwọn bàbá wa sí, ògiri ni ó ru ú, ìdí nìyẹn tí ògiri fi nípọn tí fèrèsé sì kéré. Lẹ́yìn tí iná ńlá jó ìlú Chicago ní ọdún 1871, àwọn tí ń tún un kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀nà mìíràn wò, nígbà tí ó sì di ọdún 1885, wọ́n parí ilé alájà mẹ́wàá kan tí ó jẹ́ pé egungun irin ni ó gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀. Wọ́n ti wó ilé náà ní ọdún 1931, ṣùgbọ́n ìran rẹ̀ ni àwọn àwòṣífìlà tí ẹ rí. Ògiri wọn kò ru nǹkan kan mọ́. Aṣọ lásán ni, ìyẹn ni ó fi lè jẹ́ gíláàsì láti òkè dé ilẹ̀.

Bóyá ẹ tilẹ̀ rí ilé dúdú kan tí ó ń tín-ín-rín bí ó ti ń lọ sókè, tí àwọn irin ńláńlá dábùú ara wọn lójú rẹ̀ bí àmì tí ẹ̀yin olùkọ́ fi máa ń fa iṣẹ́ tí kò tọ̀nà. Ọgọ́rùn-ún àjà ni ó ní, ọdún 1969 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Fazlur Khan, ọmọ bíbí ìlú Dhaka, ni onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó wá ọgbọ́n tí ó fi dúró. Atẹ́gùn ni ọ̀tá ilé gíga, ó fẹ́ máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ wo àwọn bíríkìlà wa nígbà tí wọ́n bá to ọparun láti fi rẹ́ ilé alájà: bí wọ́n bá to èyí tí ó nàró àti èyí tí ó dùbúlẹ̀ tán, gbogbo rẹ̀ ṣì máa ń mì, àfi ìgbà tí wọ́n bá so ọ̀kan ní ìdagun láti igun kan dé èkejì. Ohun tí ọparun ìdagun yẹn ń ṣe ni àwọn irin wọ̀nyẹn ń ṣe. Ẹlòmíràn ì bá ti fi gíláàsì bò wọ́n, àwọn tí ó kọ́ ọ fi wọ́n síta kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Ní ti ìtòsí, ẹ dé ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ni ó ṣe ètò ọgbà náà, àwọn ilé kan sì wà níbẹ̀ tí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bí ìgbà tí ènìyàn bá dojú òkìtì dé. Kì í ṣe àṣehàn. Àjà òkè ni ó ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀, tí oòrùn kì í fi í wọlé tààrà, tí òjò kì í sì í fọ́n sí ènìyàn lára.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Ayàwòrán dára púpọ̀, ṣùgbọ́n Màmá, ó dùn mí dé egungun nígbà tí mo kà á pé ẹ gun afárá funfun yẹn tí ẹ sì yí padà ní ìparí rẹ̀. Renzo Piano, ará Ítálì, ni ó ya afárá náà, ọdún 2009 ni wọ́n ṣí i, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń pè ní Art Institute ni ó sì já sí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn gan-an ni òpó ààfin Ìkẹ́rẹ́ wà.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàrin ọdún 1910 sí 1914. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí, Ìsẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́, ó sì kú ní ọdún 1938. Òpó náà ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ọba ni ẹ óò kọ́kọ́ rí, ó jókòó, ó dé adé tí ẹyẹ bà lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wá bi òpó náà ní ìbéèrè ọ̀gá wa, pé ta ni ó ru ẹrù? Ẹsẹ̀ ọba kò tilẹ̀ kanlẹ̀. Ọrùn olorì, tí ó dúró gbọnrangandan lẹ́yìn rẹ̀ tí ó sì ga jù ú lọ fíìfíì, ni ẹrù gbà kọjá, ọrùn náà gùn, ó sì le. Nísàlẹ̀, obìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú ọba, kékeré báyìí. Ọlọ́wẹ̀ kò tò wọ́n bí ẹni to ìṣáná, ó fi àyè sílẹ̀ láàrin ọba àti olorì, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Èmi ò rò pé àyè yẹn kéré sí ère náà fúnra rẹ̀ nínú ẹwà.

Ilẹ̀kùn ààfin kan náà, iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀, ni wọ́n gbé lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò gba owó; àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì tún òmíràn gbẹ́. Lára ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ yẹn, òyìnbó wà tí wọ́n fi àga gbé lórí wá kí Ògògà. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ère ìta gbangba jẹ́ àjèjì sí wa. Nígbà tí iṣẹ́ yìí wà láàfin, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹjọ́ níbẹ̀ ni ó ń rí i, kò sanwó ìwọlé.

Ará Ìjerò

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Ìbéèrè ẹrù kò lè tú gbogbo rẹ̀. Ère irin tí Màmá rí tí kò jọ ènìyàn tí kò jọ ẹranko, bí ó bá jẹ́ ti Picasso, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà ará Sípéènì, ni, kò ru nǹkan kan. Wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, ó ga ní àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, Picasso kò sọ ọ́ lórúkọ, kò sì gba owó iṣẹ́. Àwọn ará ìlú bínú nígbà náà: òmíràn ní ajá ni, òmíràn ní ẹyẹ ni, òmíràn ní obìnrin ni. Lónìí, àwọn ọmọdé ń gun ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ́n sì ń yọ̀ bọ̀rọ́ wálẹ̀. Ohun tí ó wù mí jù níbẹ̀ ni pé irú irin kan náà ni wọ́n fi ṣe òun àti ilé gíga tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, irin tí wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ jẹ́ kí ojú rẹ̀ dípẹtà kí inú má bàa jẹ. Àwọ̀ wọn papọ̀ bí ẹbí tí ó dá aṣọ.

Ti Ẹ̀wà, Màmá, ìránpọ̀ tí ẹ ń wá wà níbẹ̀. Irin 168 ni wọ́n jó pọ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ Anish Kapoor yẹn, lẹ́yìn náà ni wọ́n fá ojú ìjópọ̀ títí tí kò fi sí ibi tí èékánná lè kọ́. Ọdún 2006 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹni tí ó mọ aṣọ òkè ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ya lẹ́nu.

Àwa ńkọ́? Ère kan wà ní ráńdábáòtù ìlú kan ní apá ọ̀dọ̀ wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀dà tuntun kùn ún lórí ti àtijọ́. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ènìyàn lè ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ní báyìí, ìka ti di ọ̀kan ṣoṣo bí ti ẹni tí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́, wọ́n sì ti so pátákó ìpolówó mọ́ ọn lọ́rùn.

Ìyá Àgbà, Ọyẹ́-Èkìtì

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Ará Ìjerò, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, àánú ère náà sì ṣe mí.

Mo pe ọkọ ọmọ mi ní alẹ́ àná. Ó wá àwòrán òpó náà lórí ìkànnì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásápù, mo sì ń fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí mo fi rí ẹsẹ̀ ọba tí kò kanlẹ̀. Òtítọ́ ni. Ọmọ mi ní ìrísí olorì náà jọ ti ìyá mi nígbà tí ó bá ń bínú tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Mo tún wá fọ́tò tí a yà lórí afárá. Èmi nìyí pẹ̀lú gèlè mi tí ó ti wọ́, mo ń rẹ́rìn-ín, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà sì wà lẹ́yìn mi níbẹ̀, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ.