Báwo lẹ ṣe ń gbàdúrà pẹ̀lú ẹni tí ẹ ò gbọ́ èdè rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mélòó kan ń lọ síbi iṣẹ́ ìhìn rere fún ọjọ́ díẹ̀. A ó máa bá ìjọ tó wà níbẹ̀ kun ilé ìjọsìn lọ́dà ní ọ̀sán, a ó sì máa bẹ àwọn aláìsàn wò nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ò bà mí lẹ́rù. Àdúrà yẹn ló ń kọ mí lóminú.

Ògbufọ̀ ni yóò dúró láàárín wa. Ṣé kí n gba gbólóhùn kan kí n dúró dè é ni, àbí kí n gbà á tán kó tó túmọ̀? Àbí kí àwọn ará ilé aláìsàn náà gbàdúrà lédè wọn, kí èmi ṣáà máa ṣe àmín? Ìyẹn ló wù mí jù, torí Jákọ́bù 5:14 ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ, kò ní kó pe àlejò. Ṣùgbọ́n olórí ikọ̀ wa ní dandan ni ká gbé ọwọ́ lé olúkúlùkù. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí ńkọ́? Ṣé a ò ní kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ ní ìjọ yín rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ ká ṣe, kí lẹ ò sì fẹ́ rárá?