Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀ńjìnnì àárín ọkọ̀ ojú irin ń fà lóòótọ́?

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ẹrù CN (ilé-iṣẹ́ rélùwéè Canadian National) tó ń gba Melville kọjá, ní Saskatchewan ní Kánádà, ni mo bá wá.

Iwájú ni awakọ̀ wà. Rédíò ló fi ń darí ẹ̀ńjìnnì tó wà láàárín tàbí lẹ́yìn. Èyí ń dín agbára tó ń fa ìkọ́ wáágọ̀nù kù. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ bíréèkì tún máa ń tètè kún, torí ibi méjì tàbí mẹ́ta ló ti ń wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó lórí ilẹ̀ títẹ́jú pàápàá.

Kíka wáágọ̀nù àti ẹ̀ńjìnnì kò ṣòro. Ẹ̀rọ ẹ̀bá ojú irin máa ń pe iye axle (ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjì pọ̀) sórí rédíò. Ẹ̀ńjìnnì ńlá ní 6, wáágọ̀nù ọkà ní 4. Bó bá pe 466, tí ẹ̀ńjìnnì jẹ́ 3, ẹ yọ 18, ẹ fi 4 pín 448: wáágọ̀nù 112 ni. Bí àpapọ̀ náà kò bá ṣeé fi 4 pín láìṣẹ́kù, ẹ̀ńjìnnì 1, 3 tàbí 5 ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an, ó ń tú àṣírí èyí tí òkùnkùn bò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ńjìnnì lè máa pariwo láìfa nǹkan kan. Téèyàn bá dúró níbi tí títì ti gba ojú irin kọjá (kì í ṣe lórí ilẹ̀ rélùwéè o!), àmì wo ló dájú? Ṣé ìró rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń gbéra ni, àbí kí á wo ìkọ́ iwájú rẹ̀ bóyá ó ń ti wáágọ̀nù tó ṣáájú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń dá a mọ̀?