Ṣé etí mi ni kò mọ ìyàtọ̀, àbí SACD kò fi bẹ́ẹ̀ ju CD lọ lórí hẹ́dífóònù?

Afetísórin béèrè:

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ ohùn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń kó àwo SACD (Super Audio CD, àwo tó jọ CD ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣe kí ohùn rẹ̀ lè mọ́ sí i) jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí mo gbọ́ pé ohùn inú rẹ̀ kún, ó sì mọ́ ju ti CD lọ. Ẹ̀rọ mi jẹ́ èyí tó lè ka SACD, Sennheiser HD 650 sì ni hẹ́dífóònù tí mo ń lò, tí mo máa ń kì bọ ihò ara ẹ̀rọ náà tààrà. Lálẹ́ àná, nígbà tí gbogbo ilé ti pa rọ́rọ́, mo fi SACD kan tó jẹ́ ti dùùrù àti fayolíìnì sí i, mo gbọ́ ọ tán, mo sì gbọ́ CD orin kan náà tẹ̀ lé e. Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Àmọ́ nígbà tí mo fi òmíràn sí i, èyí tí obìnrin kan ti ń kọrin, SACD rẹ̀ fi CD rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, àfi bí ẹni pé obìnrin náà jókòó síwájú mi. Kí ló dé tí àwo kan fi yàtọ̀, tí èkejì kò sì yàtọ̀? Ṣé etí mi ló kù díẹ̀ káàtó ni, tàbí hẹ́dífóònù, tàbí ẹ̀rọ tó ń ka àwo?

Olóhùn Iyọ̀ dáhùn:

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí etí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ojú ẹ̀rọ yín dáadáa nígbà tí àwo bá ń yí, kí ẹ lè mọ ohun tó ń kà gan-an.

Ọ̀pọ̀ SACD ló ní ìpele méjì nínú àwo kan ṣoṣo: ọ̀kan jẹ́ CD bí a ṣe mọ̀ ọ́n láti ọdún 1982, èkejì sì ni ohùn DSD, ìyẹn ọ̀nà tí SACD ń gbà tọ́jú ohùn, tí Sony àti Philips gbé jáde ní 1999. Ìpele SACD ló sún mọ́ ojú ibi tí lésà ń gbà wọlé. Ó máa ń dá ìmọ́lẹ̀ lésà 650 nánómítà padà, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ti 780 nánómítà, èyí tí ẹ̀rọ CD ń lò, kọjá lọ bá ìpele CD lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwo kan náà fi ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ méjèèjì, òun náà ló sì ń ṣi àwa èèyàn lọ́nà, nítorí pé bí wọ́n bá to ẹ̀rọ yín kí ó máa fi CD ṣáájú, CD ni ẹ óò máa gbọ́ láìmọ̀.

Ẹ tún wò ó bóyá ìlà ohùn méjì, ìyẹn stereo, ló ń kà, nítorí ọ̀pọ̀ SACD ló tún ní ti ìlà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó to sípíkà yí ara wọn ká. Èmi fúnra mi gbọ́ àwo kan fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì tí ohùn akọrin jìnnà réré, tí aro àti ìlù sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Àṣé ìlà márùn-ún ni ẹ̀rọ ń kà, ihò hẹ́dífóònù sì ń gbé kìkì ti ọ̀tún àti ti òsì jáde, nígbà tó jẹ́ pé ìlà àárín ni wọ́n fi akọrin náà sí.

Ní ti HD 650, ohm 300 ni ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná, ó sì ń fẹ́ agbára díẹ̀ ju èyí tí ihò kékeré ara ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè fún un lọ. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ní láti yí bọ́tìnnì ohùn dé òpin kí orin tó kúnjú ìwọ̀n, ẹ wá amplifier, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn, tí wọ́n ṣe fún hẹ́dífóònù, kí ẹ sì fi okùn RCA (okùn ohùn lásán) so ó. Ẹ má fi okùn opitíkà, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn, so ó, DSD kì í gba ibẹ̀ kọjá.

Onídùùrù dáhùn:

Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹni tó kọ̀wé ṣáájú mi, mo sì fara mọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn ìdí tí àwo obìnrin náà fi yàtọ̀. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe DSD ló fà á.

CD ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí sì tó láti gbé ohùn tó ga dé nǹkan bí 22,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Etí ọmọdé tó pé kì í sábà gbọ́ ju 20,000 Hz lọ, bí ọjọ́ orí bá sì ṣe ń lọ sókè ni èyí ń lọ sílẹ̀. DSD ń wọn tirẹ̀ ní ìgbà 2,822,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní bit kan ṣoṣo (ẹyọ dátà tó kéré jù) lẹ́ẹ̀kan. Ìyàtọ̀ ńlá ni lórí ìwé. Àmọ́ ní 2007, àwọn olùwádìí méjì, Meyer àti Moran, tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde nínú ìwé ìròyìn Audio Engineering Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn: wọ́n gba ohùn àwọn àwo bíi SACD kọjá inú ẹ̀rọ tó sọ ọ́ di ìwọ̀n CD, wọ́n sì ní kí àwọn èèyàn sọ èwo ni èwo. Nínú ìgbà 554 tí wọ́n dán an wò, ìgbà 276 ni wọ́n gbà á, èyí tí kò ju kí èèyàn kàn fi owó wẹ́wẹ́ pinnu lọ. Ní 2016, olùwádìí mìíràn, Joshua Reiss, kó ìdánwò 18 irú èyí jọ, ó sì rí i pé àwọn èèyàn gbà á ní ìpín 52.3 nínú ọgọ́rùn-ún, tí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ bí wọn yóò ṣe fetí sílẹ̀ sì ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ lè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré, kò sì lè gbé akọrin kúrò lẹ́yìn ògiri wá síwájú yín.

Ohun tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ẹni tó to ohùn náà kẹ́yìn kí wọ́n tó tẹ àwo. Ọ̀pọ̀ CD ni wọ́n ti ti ohùn rẹ̀ mọ́ òkè kí ó lè máa pariwo nínú ọkọ̀ àti lórí rédíò, débi pé ibi tó yẹ kí ó rọlẹ̀ àti ibi tó yẹ kí ó ga ti di ọgbọọgba. Àwọn tó ń ra SACD kì í pọ̀, wọ́n sì máa ń jókòó gbọ́ orin, nítorí náà ni àwọn tó ń to ohùn rẹ̀ fi máa ń fi í sílẹ̀ kí ó mí. Meyer àti Moran pàápàá kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn àwo náà dùn ju CD tó wọ́pọ̀ lọ, wọ́n sì gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ṣe wọ́n ló fà á. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí i tí àwọn èèyàn ń náwó lé iye bit lórí, tí wọn kò sì béèrè ẹni tó to àwo náà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ fi ìpele CD wé ìpele SACD nínú àwo kan náà, kí ẹ sì rí i pé ohùn méjèèjì ga bákan náà, nítorí èyí tó bá fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ ni etí máa ń pè ní èyí tó dára jù. Ẹ ní kí ẹlòmíràn máa yí i, kí ẹ sì kọjú sí ògiri.

Etígbọ́ dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti hẹ́dífóònù kún un. HD 650 kò bo etí pa, nítorí náà ìró fáànù tàbí ti fíríìjì tó wà nítòsí yóò máa wọlé, yóò sì pa àwọn ìró tó fara pamọ́ tí ẹ tìtorí wọn ra àwo náà: èémí akọrin, ìwé orin tí wọ́n ń ṣí, bí ọ̀pá fayolíìnì ṣe ń kọ́kọ́ kan okùn kí ohùn tó jáde. Ẹ tún tẹ tìmùtìmù etí rẹ̀ wò. Bó bá ti tẹ́, tí kò sì wú padà mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ohùn ti yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ má sì tìtorí pé ẹ ń wá ìró kékeré kí ẹ gbé ohùn ga jù. Decibel 80 (decibel ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ń pariwo tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n.

Afetísórin dáhùn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo wo ojú ẹ̀rọ, CD ló kọ síbẹ̀ nígbà tí àwo dùùrù ń yí. CD méjì ni mo ń fi wéra láti àná! Mo ti yí i padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá mi dán àwo akọrin náà wò, ìpele CD sí ìpele SACD, ìgbà 12, mo sì gba 7. Obìnrin náà sún mọ́ mi bákan náà lórí méjèèjì, kò sì sún mọ́ mi rárá lórí CD àtijọ́ tí mo ní, tí ohùn rẹ̀ ga ju ti méjèèjì lọ, tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti dùùrù ni mo ṣì ń gbọ́ lọ́wọ́: níparí rẹ̀, olórin gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, mo sì gbọ́ igi náà tó dún kẹ́rẹ́.