Àdìrẹ tàbí kampala: ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi sórí líǹkì?

Aláàdìrẹ_Ìtòkú:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Àbúrò mi ló ṣe ìkànnì fún mi lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n máa kọ "adire fabric" síbi gbogbo tí ọwọ́ mi bá dé. Mo kọ ọ́ títí tí ojú ewé àkọ́kọ́ fi dà bí ayékòótọ́ tó mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnì kan ta igba líǹkì fún mi, tí wọ́n wà lórí ìkànnì àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n sì ń tọ́ka sí tèmi, iye tó gbà kò ṣeé sọ. "Buy adire fabric online" ló wà lórí gbogbo wọn pátá. Ó di oṣù mẹ́rin báyìí. Ẹni méjì péré ló gba orí Google wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi fúnra mi sì ni ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ wo gan-an ni kí n máa lò? Kí ló yẹ kó wà lórí líǹkì?

Ọmọ_Aláró:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí, ẹ má bínú sí àbúrò yín jù.

Orúkọ tí ẹ̀yin ń pe ọjà yín kọ́ ni oníbàárà máa ń tẹ̀. Ẹ̀yin mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yàtọ̀ sí oníko, àmọ́ ẹni tó ń wá aṣọ ìsọmọlórúkọ l'Ékòó, "kampala" ló máa tẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra, torí bí ẹ bá kọ kampala lásán, olú-ìlú Uganda ni Google máa gbé jáde. Ẹ so nǹkan mọ́ ọn: "kampala gown styles", "5 yards kampala fabric", "kampala fabric in Abeokuta". Ẹni tó wà ní London lè má gbọ́ orúkọ àdìrẹ rí láyé. "Indigo fabric by the metre" ni tirẹ̀, torí mítà ni wọ́n fi ń wọn aṣọ lọ́hùn-ún. Irú gbólóhùn gígùn báyìí, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n owó ti wà lọ́wọ́ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó tẹ "adire" nìkan lè jẹ́ ọmọ iléèwé tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ibo lẹ ti máa rí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí? Inú WhatsApp yín! Ohun tí wọ́n ń bi yín lójoojúmọ́ ni. "Ṣé àwọ̀ rẹ̀ kò ní ṣí?" Ojú ewé kan gbáko nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Search Console, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Google ṣe fún àwọn tó ní ìkànnì, ẹ máa rí gbólóhùn tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí ìkànnì yín tó jáde.

Ti líǹkì wá ló le. Láti 1998 tí Brin àti Page ti gbé Google kalẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ orí líǹkì mọ́ ojú ewé tí líǹkì náà ń tọ́ka sí. Àwọn aláwàdà lò ó ní 2003: wọ́n fi "miserable failure" sórí líǹkì tó lọ sí ojú ewé Ààrẹ Bush, òun ló sì ń jáde lókè pátápátá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn kò sí níbẹ̀ rárá. Ó di 2007 kí Google tó dí i. Ní April 2012 ni Penguin dé, ìyẹn àtúnṣe tí Google ṣe láti fi mú líǹkì màgòmágó, ojú ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra líǹkì sì já a. Bí igba ẹlẹ́rìí bá dé kóòtù, tí gbogbo wọn sọ gbólóhùn kan náà láìyẹ̀ lẹ́tà kan, ṣé adájọ́ kò ní béèrè ẹni tó kọ́ wọn?

Ẹni tó bá dìídì fẹ́ràn ọjà yín, orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ló máa kọ, tàbí àdírẹ́sì ìkànnì lásán, tàbí "obìnrin Ìtòkú kan tí mo ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀". Ẹ jẹ́ kó rí wúruwùru bẹ́ẹ̀. Inú ìkànnì tiyín nìkan lẹ ti láṣẹ láti ṣe é bó ṣe wù yín: dípò "tẹ ibí", ẹ kọ "bí a ṣe ń fọ àdìrẹ". Bó bá jẹ́ àwòrán lẹ fi ṣe líǹkì, àpèjúwe tí ẹ kọ sí alt, àyè ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn àwòrán, ni Google máa kà.

Fọ́láwiyọ̀_kọ̀ǹpútà:
Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Mà, ẹ kàn kó gbogbo kíwọ́ọ̀dù sínú meta keywords, àyè inú kóòdù ojú ewé tí òǹkàwé kì í rí, ó parí.

Ọmọ_Aláró:
Ọ̀gá mi, láti 2009 ni Google ti kéde pé àwọn kì í wo ibẹ̀.

Aláàdìrẹ_Ìtòkú:
Ẹ ṣeun o, Ọmọ_Aláró. Mo ti ṣí Search Console, ẹ̀rín sì pa mí. "Adire that does not fade" ló gbé mi jáde jù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́, nísàlẹ̀ àwòrán kan. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ojú ewé nípa bí a ṣe ń fi omi iyọ̀ ṣan án nígbà àkọ́kọ́. Mo tún pe ẹni tó ta líǹkì pé kó bá mi yọ wọ́n kúrò. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́.