Ìmọ̀ràn lórí fífi pọ́ǹpù haidirọ́líìkì kejì sí katakata kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ oko. Katakata kékeré kan, tí agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 30, ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní oko mi nítòsí Ọ̀wẹ̀nà, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Òǹdó. Pọ́ǹpù haidirọ́líìkì (èyí tí ń ti ọ́ìlì kí agbára rẹ̀ lè gbé nǹkan) kan ṣoṣo tó bá a wá ló ń gbé apá ẹ̀yìn, òun náà ló ń gbé garawa iwájú, débi pé bí mo bá so ẹ̀rọ ìlagi mọ́ ọn, ńṣe ni irin tí ń ti igi á máa wọ́ bí ìgbín, tí ẹ́ńjìnnì á sì máa kérora.

Mo fẹ́ fi pọ́ǹpù kejì, pẹ̀lú gíà tí yóò mú un yára, sí ọ̀pá ẹ̀yìn tí ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, lítà 40 ní ìṣẹ́jú kan lábẹ́ ìtẹ̀ ọ́ìlì tó jẹ́ 180 bar yóò gba nǹkan bí agbára ẹṣin 16, èyí tó ju ìdajì agbára ẹ́ńjìnnì lọ. Mẹkáníìkì mi ní kí n máa lo ọ́ìlì inú gíábọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Ṣé táǹkì ọ̀tọ̀ tó gba lítà 40 yóò tó, àbí kí n fi ohun tí ń mú ọ́ìlì tutù kún un? Báwo sì ni kí rọ́bà tí ń fa ọ́ìlì ṣe fẹ̀ tó, kí ebi ọ́ìlì má baà pa pọ́ǹpù náà?